Ta Ni Yóò Wá Agùntáṣọọ́lò Lórí Google?

Bí ènìyàn bá dé Jùbílì ní Ìkàrẹ́, tó kọjá àwọn tó ń lẹ táyà, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn. Safinat ọmọ Làmídì ló ni ín. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé, tó ń bá wọn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn àgbẹ̀ tó bá ti Èsé wá sọ́jà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa á ní obìnrin náà le, pé kì í bá ènìyàn ṣàwàdà. Kò le rárá. Ara rẹ̀ ló kú. Ẹ ṣáà mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí a bá jókòó lé e pẹ́: à ń wò ó, tiwa ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n gún. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara Safinat ṣe rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bó jẹ ata, kì í ta á lẹ́nu. Bí wọ́n kí i kú orí ire, á dáhùn, bí wọ́n bá a kẹ́dùn, á dáhùn, ohùn kan náà ni yóò fi dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Rufus Ògúnwọlé ni ọkọ ọ̀hún ń jẹ́, ọmọ Ìwárọ̀-Ọ̀kà. Mùsùlùmí ni Safinat, àwọn Ògúnwọlé sì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn sí ní Àkókó, níbi tí ìkòkò tí wọ́n fi se ẹran Iléyá náà ni wọ́n fi ń se ti Kérésì? Ìyá Rufus ti kú kí ó tó gbé ìyàwó. Ọmọkùnrin kékeré kan, Fọláránmi, ni obìnrin náà fi sílẹ̀, eyín ìgbà èwe kò tíì kán lẹ́nu rẹ̀. Safinat ló tọ́ ọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bá a di ìwé sí báàgì, òun ló ń fi àgbo sí i lẹ́nu nígbà tí ibà bá mú un.

Ṣùgbọ́n bó ti wẹ̀ ẹ́ tó, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Àṣà tiwa kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà bó bá di ọ̀rọ̀ ọkọ. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, kódà kí itọ́ ṣì máa dà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe ti ẹnu ìyàwó. Ìyàwó ni yóò fún ọkọ kékeré lórúkọ mìíràn, èyí tó bá rí lára rẹ̀ tàbí èyí tó bá fẹ́ kí ó dà. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Safinat wọlé, ọmọ náà sáré jáde láti wo ìyàwó tuntun, ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀, ó gùn ún dé kókósẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Safinat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi, ẹ kú ilé o." Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀wù ni Safinat wò ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ní gbogbo ayé ló ń pe ọmọ náà ní Agùntáṣọọ́lò. Orúkọ sì ń ro ènìyàn lóòótọ́, nítorí nígbà tí Fọláránmi fi máa jáde ìwé mẹ́wàá, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wọlé.

Òun náà ní orúkọ tó ń pe Safinat. Àǹtí Ìyàwó ni. Nígbà tí Safinat bí Ìrètí, gbogbo ilé yí padà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìrètí, títí kan àwọn oníbàárà ní Ìkàrẹ́. Fọláránmi kò yí padà. Bí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, láti ẹ̀yìn ọgbà ni yóò ti kígbe pé, "Àǹtí Ìyàwó, kí la ó jẹ?" Ó dàgbà, ó ra ọ̀kadà, irùngbọ̀n hù sí i, síbẹ̀ kò tíì paná ọ̀kadà tán tí yóò ti máa béèrè ohun tí wọ́n máa jẹ. Safinat a ní ọkọ òun yìí, ikùn ni wọ́n fi dá a.

Ọ̀kadà náà ni Rufus gùn lẹ́yìn àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó kú. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù kan já lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ náà kọlù wọ́n, ó ju Fọláránmi sínú koríko, ìgúnpá nìkan ló bó. Rufus kò dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí Fọláránmi wọlé ní Ìwárọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ìròyìn sì ti ṣáájú rẹ̀ dé, yàrá ti kún. Safinat dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Fọláránmi, ọkọ mi dà?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bú u, kò gbé e ṣépè. Lójú tirẹ̀, ìbéèrè ló béèrè. Wọ́n sin Rufus, wọ́n ṣe àdúrà, bí wọ́n sì ti ṣe àdúrà tán ni Fọláránmi gbé báàgì kan jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mú ẹyin dání.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní ìparí ọdún tó kọjá, Bàbá Fámúrewá tí í ṣe olórí ẹbí pe ìpàdé. Ó ní a kì í fi ènìyàn sí agbede méjì, kí ó má wà láyé kí ó má sì kú. Ó ní bí Fọláránmi kò bá dé, tí a kò sì gbúròó rẹ̀, títí di ọdún ìjẹṣu, wọn yóò dárúkọ rẹ̀ mọ́ ti Rufus níbi àdúrà àwọn òkú ẹbí, wọn yóò sì fún ẹlòmíràn ní yàrá rẹ̀. Wọ́n wo ojú Safinat bóyá yóò sọ nǹkan. Ó kó abọ́ tí wọ́n fi jẹun, ó lọ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń fọ abọ́ náà ló ń rò ó pé bí wọ́n bá ka ẹni yìí mọ́ òkú, kò sí ẹni tó kù láyé tó ń pe òun bí wọ́n ṣe ń pe òun kí òun tó di Ìyá Ìrètí.

Nígbà tí Máyọ̀wá wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù, Safinat bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Máyọ̀wá, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Àkùngbá ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí í máa gbé ìkànnì àwọn oníṣòwò sókè lórí Google. Safinat béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ sórí ayélujára tí ẹni tó wà níbi tó jìnnà yóò fi rí i. Máyọ̀wá rò pé ọjà ló fẹ́ tà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń wá, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní òun kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Safinat ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó fi sí àkọlé rẹ̀ pé, "A Ń Wá Fọláránmi Adébíyìí Ògúnwọlé." Ó fi fọ́tò tó wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí i, ojú tó le koko, etí méjèèjì hàn. Ó kọ bó ṣe ga tó, àwọ̀ ara rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn, àti nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè. Ẹni tó bá kà á á gbà pé ọlọ́pàá ló kọ ọ́. Ó jókòó ti orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ti ilé yàtọ̀, ti ìta yàtọ̀, pé orúkọ inú ìwé ni ayé mọ̀.

Máyọ̀wá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní Google kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwà àgbà tó ń dájọ́ ló ń hù: kì í gba ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àwọn aládùúgbò ló máa ń bi léèrè. Nítorí náà, àwọn ìkànnì mìíràn gbọ́dọ̀ máa tọ́ka sí tirẹ̀. Ó ní ìkànnì tó ní ojú ìwé ẹyọ kan kò yàtọ̀ sí ìsọ̀ tó ń ta ìṣáná nìkan, ta ni yóò yà síbẹ̀? Ó ní kí ó máa kọ ohun tí àwọn ará agbègbè ń wá, kí ó máa kọ ọ́ déédéé, kí fọ́tò má wúwo jù kí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára lè ṣí i, kí àkọlé jẹ́ èyí tó sọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀. Ó tún fi àpótí kékeré kan sókè ìkànnì náà, kí àlejò lè kọ ohun tó ń wá síbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ ni Safinat lè rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Máyọ̀wá ní àwọn ènìyàn máa ń sọ òótọ́ ọkàn wọn sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Safinat ṣe gbogbo rẹ̀. Ó kọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà Ìkàrẹ́. Ó kọ ibi tí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ti bàjẹ́. Ó kọ ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò parí, ó kọ bí kòkó ṣe rí ní Èpìnmì àti Ṣósàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá fi líǹkì rẹ̀ sórí ìkànnì tiwọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀kà ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan dárúkọ rẹ̀. Àlejò ń pọ̀ sí i. Àwọn kan dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní ó mà ń ṣe dáadáa o, ó ń gbé Àkókó lárugẹ. Ó ní ẹ ṣeun. Bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ló ṣe ń ṣe é, ojú rẹ̀ ń wo ẹ̀wà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbì kankan. Lójoojúmọ́ ló ń gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá kọjá nínú takisí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láàárín àwọn tó jọ ń wọkọ̀, ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ a mójú kúrò lára rẹ̀ bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Kò nílò kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí Máyọ̀wá tó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó tẹ orúkọ Fọláránmi ní kíkún sórí Google. Ojú ìwé Safinat ló jáde lókè pátápátá. Inú Máyọ̀wá dùn, ó yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè rí i. Safinat wò ó, ó ní ẹ ṣeun, ọ̀gá Máyọ̀wá. Máyọ̀wá wá ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn tó gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí òun àti Safinat, kò sí ẹnikẹ́ni tó tẹ orúkọ náà rí.

Ó ní àwọn ti gbé pátákó sórí òkè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ẹ̀bi òun ni, nítorí ìbéèrè tó yẹ kí òun kọ́kọ́ béèrè ni òun kò béèrè. Ohun tí a fẹ́ sọ kọ́ ni à ń fi ṣe àkọlé, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹni tó ń wá a. Kí ni wọ́n ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ níbi tó wà? Safinat ní òun kò mọ̀.

Máyọ̀wá ní, "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, Ìyá Ìrètí? Bí ó bá jókòó síbì kan, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ṣì ń rántí òun, kí ni yóò tẹ̀?"

Safinat mọ̀ ọ́n. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí Máyọ̀wá tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ sọ ọ́, ó rántí pé òun kò tíì pe orúkọ náà láti ọjọ́ ikú Rufus, ó sì wá orúkọ tí òun pè lọ́jọ́ náà dípò rẹ̀, ó rí i. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ìyàwó ilé pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ ní gbangba, lójú àwọn tó wá kẹ́dùn, ó sì béèrè ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ náà kì í ṣe ọkọ. Ó wá yíjú sí kọ̀ǹpútà, orúkọ náà ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, lókè pátápátá, kí gbogbo ayé rí i. Nǹkan kan gún un láyà, ó ta á díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó sọ fún Máyọ̀wá pé òun ní láti délé ná.

Kò lè dédé gbé orúkọ inú ilé lọ sí ìta láìsọ fún olórí ẹbí. Ó bá Bàbá Fámúrewá níbi tó ti ń fín oògùn sára kòkó nínú oko ẹ̀yìn ilé. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe. Bàbá gbé ẹ̀rọ oògùn kalẹ̀, ó tú ìbòmú rẹ̀. Ó ní láyé àwọn, orúkọ tí ìyàwó bá fún ọkọ kì í kọjá ẹ̀yìn ọgbà, ṣùgbọ́n òun kò ní dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló wá bi í léèrè ìdí tó fi ń wá ọmọ náà nísinsìnyí. Safinat ní ọjọ́ wo ni òun kò wá a? Ó ní ó yẹ kí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé ti lọ wá a láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló ṣe wọ́n tí wọn kò lọ?

Bàbá tẹ ìbòmú rẹ̀ bọ àpò. Ó ní, "Ìyá Ìrètí, a gbọ́ ohun tí o pè é lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa tó wà ní yàrá la gbọ́ ọ. A rò pé ńṣe lo lé e, o sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ìwọ lo pàdánù."

Safinat wà lórí eékún rẹ̀ nínú ewé kòkó gbígbẹ. Ó ní òun kò lé e. Ó ní òun kò mọ orúkọ tí òun pè. Bàbá ní àwọn náà kò mọ̀ pé kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, gbogbo ilé ń fi ọ̀wọ̀ dákẹ́ fún un, kò sí ẹni tó wá ọmọ tó lọ, nítorí wọ́n rò pé wíwá a yóò dùn ún. Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀fọ̀. A mọ̀ ọ́n jù nígbà mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, ó pa gbogbo ohun tó wà lójú ìwé náà rẹ́, àyàfi nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè. Ó yọ fọ́tò ìwé ẹ̀rí kúrò, ó fi ọ̀kan sí i tí Fọláránmi ti ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àkọlé rẹ̀ di "Agùntáṣọọ́lò." Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kò gùn. Ó kọ ọ́ pé: "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi, ẹni tí mo bá nílé. Bíréèkì ọkọ̀ ló já, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa á. Mo ṣi ẹnu pè yín lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kò sí lọ́wọ́ mi. Yàrá yín ṣì wà. Èmi ni Àǹtí Ìyàwó."

Máyọ̀wá kà á lórí fóònù, ó pè é. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ orúkọ inú ìwé kúrò, gbogbo ibi tí wọ́n ti gbé e gùn ni yóò já bọ́. Ó ní kí ó jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀, nítorí Google. Safinat ní rárá. Ó gbà kí wọ́n fi Ọ̀kà-Àkókó kún àkọlé, ìyẹn nìkan. Máyọ̀wá ní ta wá ni yóò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí Google láyé yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Safinat ní ìdí nìyẹn.

Oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Safinat ń ṣí àpótí náà wò láràárọ̀ kó tó tan ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Iye iṣu. Owó ilé ẹ̀kọ́. Ṣé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ti dára. Ẹnì kan ń wá oògùn eku. Ẹnì kan kọ "mo feran re" láìsọ ẹni tó fẹ́ràn. Iṣu àkọ́wà ti ń yọ lọ́jà, àwọn ará Èsé ti ń gbé e wá, àwọn àgbà ní Ìwárọ̀ sì ti dá ọjọ́ ìjẹṣu. Bàbá Fámúrewá kò tún sọ nǹkan kan nípa yàrá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà tó ti jáde ti jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, oníbàárà ń dúró gba ìwé rẹ̀, Safinat ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn àlejò. Ẹnì kan láti agbègbè Bídà ti gba orí Google wọlé. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ni "aguntasoolo." Ó ti pẹ́ lójú ìwé náà. Ó lọ, ó padà wá. Lẹ́yìn náà ló kọ nǹkan sínú àpótí, ó kọ "anti iyawo."

Oníbàárà ní Ìyá Ìrètí, ẹ fún mi níwèé mi. Kò gbọ́. Ó tún sọ ọ́. Safinat fún un níwèé ẹlòmíràn.

Ó sọ fún Máyọ̀wá. Máyọ̀wá ní ká má tètè yọ̀, pé ó lè jẹ́ ẹni tó ka ojú ìwé náà tó fẹ́ fi ṣeré, nítorí orúkọ méjèèjì ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, Safinat kò bá a jiyàn. Ó ń wo fóònù. Fóònù kò dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ kankan kò pè é ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó pè é lọ́jọ́ kejì. Ó gun takisí lọ sílé, ó gun takisí padà wá, ó ṣe fọ́tòkọ́pì, ó jẹ ata tí kò ta á lẹ́nu. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àyà rẹ̀ ń já báyìí bí ó bá fẹ́ ṣí àpótí náà, ó sì ti gbàgbé bí àyà ṣe ń já.

Ọ̀sẹ̀ ìjẹṣu ló ṣí i tó rí ọ̀rọ̀ kan tí kò sí lójú ìwé rẹ̀. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ rí. Kò sọ ọ́ fún Máyọ̀wá rí. Ó wà láàárín ẹni tó ń wá iye gààrí àti ẹni tó ń wá èsì ìdánwò, láìní àmì, láìní lẹ́tà ńlá:

"anti iyawo ki la o je"

Ẹ ti rí ẹsẹ̀ tó kú nígbà tó bá ń jí. Ṣé adùn ló máa ń jẹ́? Safinat gbá tábìlì mú. Ó sunkún Rufus, ó sunkún ẹ̀wù tó gùn dé kókósẹ̀, ó sunkún ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún gbogbo ọdún tí kò sunkún. Àwọn tó ń lẹ táyà sáré wá, wọ́n béèrè ta ló kú. Ó mi orí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún un láti ìta, wọ́n sì jókòó síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀, ó pe Bàbá Fámúrewá. Ó ní kí wọ́n má dárúkọ ọmọ náà mọ́ àwọn òkú. Bàbá kò béèrè ẹ̀rí. Safinat gbọ́ ọ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn pé kí ó mú ìgbálẹ̀, kí ó ṣí fèrèsé yàrá Fọláránmi. Lẹ́yìn ìyẹn, Safinat fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó kọ ìròyìn tuntun sórí ìkànnì náà, ó gbé e sókè pátápátá, lórí iye iṣu, lórí ọ̀nà Ọ̀wọ̀, lórí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò tí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá ń wá lọ́wọ́. Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Àkọlé nìkan ni.

Kò pẹ́ tí Máyọ̀wá fi pè é láti ọ́fíìsì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé nǹkan náà sísàlẹ̀, pé ibi tó fi í sí ni ojú gbogbo àlejò kọ́kọ́ ń bà, pé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ yóò ba gbogbo ohun tí àwọn ti kọ́ láti oṣù mélòó kan wá jẹ́.

Ó ní, "Ìyá Ìrètí, 'Iyán Iṣu Tuntun La Ó Jẹ.' Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò wá èyí lórí Google?"

Safinat ní, "Ẹnì kan."